Orúkọ Ọláníran Ni Mo Fi Gun Ọkọ̀ Ojú Omi

Ní ọdún 1959, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀wé ní abà Ìdí-Orógbó, lọ́nà Lálúpọn. Èmi ni ẹni náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí mo fi ń gbéra ga náà ni wọ́n fi mú mi.

Hezekiah Àjàní ni orúkọ mi, àgbẹ̀ kòkó ni mí. Mo ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B. Olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé orí mi ti le jù. Mo ní kò burú. Mo ra ìwé ABD, mo ń gbé e lọ sóko, mo ń fi igi kọ ọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi kòkó. Ọdún mẹ́ta ló gbà mí. Nígbà tí mo fi máa lè ka Orin Dáfídì kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti gbé olùkọ́ náà lọ sí ibòmíràn. N kò tilẹ̀ rí i kí n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ìgbà náà, gbogbo lẹ́tà tó bá wọ abà wa, ọwọ́ mi ló ń bọ́ sí. Lẹ́tà ọmọ tó wà ní Gúsáù, lẹ́tà ọkọ tó sá lọ sí Gánà, èmi ni mo ń kà á, èmi ni mo ń fèsì. Wọ́n sọ mí ní Bàbá Akàwé. Mo tilẹ̀ ra awò ojú kan tí n kò nílò.

Ọláníran Akínwándé ni ọ̀rẹ́ mi. Oko wa pààlà. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun ọkùnrin yìí láyé: kò mọ ilé ìyá rẹ̀. Ó wà lẹ́nu ọmú nígbà tí Ọmọ́ṣọlá, ìyá rẹ̀, kú. Bàbá rẹ̀ bá àwọn àna rẹ̀ jà lórí òkú náà, ó sì sọ fún ọmọ pé ilé ìyá rẹ̀ ti tú, kò ku ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ tí Ọláníran ń gbéyàwó, wọ́n ní kí àwọn ará ilé ìyá ọkọ bọ́ síta. Ẹnì kankan kò bọ́ síta. Lọ́jọ́ tó ń sìnkú bàbá rẹ̀, bákan náà ni. Èmi ni mo dìde, tí mo lọ dúró níbẹ̀ nígbà méjèèjì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ilé ìyá Ọláníran kí n tó dalẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà náà dé láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó. Mo tú u nílé, ìyàwó mi Leah jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pa ẹ̀gúsí.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: “A ti yan Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran Akínwándé ti Ìdí-Orógbó, ẹni tí kòkó rẹ̀ mọ́ jù lọ ní agbègbè yín, láti bá àwọn àgbẹ̀ mìíràn lọ fún ìrìn-àjò ìgbafẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́fà. Ẹ ó rí àwọn ohun àtayébáyé ní Ifẹ̀. Ẹ ó rìn káàkiri ìlú Èkó. Ẹ ó sì gun ọkọ̀ ojú omi láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, títí wọ odò Ọ̀ṣun. Amọ̀nà yóò wà. Ọkọ̀ yóò dúró dè yín ní Adégbayì.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, inú mi dùn sí ọ̀rẹ́ mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, inú mi kò dùn mọ́. Nígbà tí mo fi kà á lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti ń bínú sí ẹgbẹ́.

Kí ni Ọláníran fẹ́ lọ ṣe níwájú ohun àtayébáyé? Ta ni yóò ka pátákó rẹ̀ fún un? Òótọ́ ni pé kòkó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ pé kí ó máa yí i lójoojúmọ́ lórí ẹní? Àbí èmi kọ́?

Leah kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Bàbá Jìmí, lẹ́tà wo lẹ ń jẹ lẹ́nu bí orógbó báyẹn?”

“Tẹgbẹ́ ni.”

“Ọjọ́ gbogbo tí ẹ bá ń kàwé, ètè yín ló máa ń jó. Tòní, ojú yín ló ń jó.”

Mo ní kí ó máa pa ẹ̀gúsí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo pe gbogbo abà jọ sí ìdí ẹní kòkó. Mo wọ awò ojú mi. Mo kà á bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀, àfi orúkọ. Níbi tí wọ́n kọ “Ọláníran Akínwándé” sí, mo ka “Hezekiah Àjàní”. Ó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó rọrùn débi pé ẹ̀rù bà mí.

Ẹni tó kọ́kọ́ fò sókè ni Ọláníran.

“Àjàní! Ìwọ? Odò Ọ̀ṣun? Ọ̀rẹ́ mi ń lọ gun ọkọ̀ ojú omi!”

Ó gbá mi mọ́ra. Ó wo agbádá mi láti òkè délẹ̀, ó ní, “Kì í ṣe èyí lo máa wọ̀ lọ sí Èkó kí o wá dójú ti abà.” Ó wọlé lọ, ó sì gbé agbádá ẹ̀tù rẹ̀ jáde, èyí tó fi gbéyàwó. Ó fi wọ̀ mí lọ́rùn lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹ wò ó bí Ọlọ́run ṣe ń fi ènìyàn ṣeré. Mo gba orúkọ rẹ̀, òun náà tún fi aṣọ lé e.

Ó fẹ́ sìn mí dé Adégbayì. Mo ní kí ó má ṣe wàhálà, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò dun òun. Mo ní yóò dùn ún bó bá rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Amọ̀nà wa ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Olúrẹ̀mí, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá Ọláníran!”

Mo ń wo ẹyẹ kan.

“Bàbá Ọláníran Akínwándé!”

Ẹyẹ náà fò lọ. Ìgbà náà ni mo rántí ẹni tí mo jẹ́. “Èmi nìyí o!”

Olúrẹ̀mí yí sí àwọn yòókù, ó fọwọ́ tọ́ka sí etí rẹ̀. Ó ní, “Etí Bàbá wa yìí wúwo díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ sókè.”

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi pariwo mọ́ mi létí. Bí wọ́n bá fẹ́ fún mi lómi mu, wọ́n á kígbe bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. N kò lè sọ pé etí mi kò wúwo, nítorí wọ́n á bi mí ìdí tí n kò fi mọ orúkọ mi.

Ní Ifẹ̀, wọ́n mú wa dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Òkúta gíga kan ló dúró gbọnrangandan níbẹ̀, wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn lára. Olúrẹ̀mí ka ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Mo rò ó nínú ara mi pé òkúta wà lóko mi tí ẹnì kankan kò tíì wá wò. Wọ́n tún kó wa wọ ilé tí wọ́n ń kó orí àwọn ọba àtijọ́ sí, àwọn tí wọ́n fi idẹ rọ. Orí kan wà níbẹ̀ tó wò mí bí Leah ṣe máa ń wò mí. Mo kúrò níwájú rẹ̀ kíákíá.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti fà mí láṣọ. Mùjíbátù ni orúkọ rẹ̀, opó ni, láti Akínyẹlé. Òun ló ń ṣe oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀.

“Ìwọ ọkùnrin yìí,” ó kígbe mọ́ mi létí, “Akínwándé wo ni bàbá rẹ?”

“Akínwándé Ìdí-Orógbó ni, ìyá.”

“Àbàjà ni wọ́n ń kọ ní ilé Akínwándé tí mo mọ̀ ní Ìdí-Orógbó. Pélé lo kọ. Ta ló kọ ọ́ ní pélé?”

Irọ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní ara mi kò le ní kékeré, wọ́n gbé mi lọ sí ìlú mìíràn lọ wò, olóolà ibẹ̀ ló sì kọ mí bó ṣe wù ú.

Ó wò mí títí. Ó ní, “Hùn.”

Èkó! A rìn kọjá lórí afárá, mọ́tò ń lọ níwájú, ń bọ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì. Wọ́n mú wa wọ ilé ìtajà ńlá kan, wọ́n tì wá mọ́ inú yàrá kékeré onírin tó ń gòkè fúnra rẹ̀. Mùjíbátù jókòó sílẹ̀ gbà-à, ó ní òun kò ní dúró lórí ohun tí kò dúró. Àwọn tó kù kígbe mọ́ mi pé kí n má bẹ̀rù. Mo sọ fún wọn pé n kò bẹ̀rù. Ògiri ni mo dì mú.

Ní ọjọ́ kẹrin a wọ ọkọ̀ ojú omi. Ayàwòrán kan tò wá sí iwájú ọkọ̀, ó ya fọ́tò wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ṣí tí inú mi fi dàrú. Mo bì. Agbádá ẹ̀tù Ọláníran ni mo bì sí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọjá Ẹ̀pẹ́ tí a wọ odò Ọ̀ṣun, mo gbé orí sókè. Ọ̀ṣun yìí kan náà tí mò ń rí ní Aṣéjire láti ìgbà èwe mi, tí àwa ọmọdé ń fi òkúta dá kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Ó ti fẹ̀ títí ó fi dà bí ojú ọ̀run tí ó dùbúlẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ mo gbàgbé pé olè ni mí.

Mùjíbátù wá jókòó tì mí, ó fún mi ní àkàrà. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí.

Ó ní, “Kí ni orúkọ ìyá rẹ?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí ni mo ti lè dúró. Mo lè sọ pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń dáhùn ìbéèrè bọ̀ láti Adégbayì, ẹnu mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ mọ́.

“Ọmọ́ṣọlá ni.”

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì mú mi lórí, ó sì bú sẹ́kún. “Ẹ̀gbọ́n mi ni! Ẹ̀gbọ́n mi ni Ọmọ́ṣọlá! Ọmọ kékeré ni mí nígbà tó kú. Bàbá rẹ lé wa pẹ̀lú àdá, kò jẹ́ ká rí ọ. Wọ́n wá sọ fún wa pé o ti kú. Gbogbo ilé wa ní Akínyẹlé ló ti sunkún rẹ tán!”

Mo ní ẹnu o. Àkàrà tó fún mi ni mo fi ń jẹ.

Ó nu ojú mi. Ó ní, “Ṣé wọ́n sọ orúkọ tí ìyá wa sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ fún ọ? Orúkọ ilé wa? Gbọ́njúbọ́lá ni. Gbọ́njúbọ́lá ni Ọmọ́ṣọlá ń pè ọ́ títí ó fi kú.”

Bí wọ́n ṣe gbé orúkọ tí ọ̀rẹ́ mi kò gbọ́ rí láyé rẹ̀ fún mi nìyẹn, láàárín odò, èmi tí agbádá rẹ̀ ń rùn lọ́rùn mi. Mo ní, “Ẹ ṣeun, ìyá.” Mo sì gbé e sápò.

Nígbà tí mo padà délé, mo di gbajúmọ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pé jọ kí n sọ̀rọ̀ Èkó. Mo sọ ti yàrá onírin, mo sọ ti òkúta, mo sọ ti orí ọba. Mo sọ pé ìyà ọkọ̀ ojú omi kò jẹ mí rárá. Ọláníran ló ń jókòó sún mọ́ mi jù.

“Odò yẹn ńkọ́? Tún un sọ. Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?”

Mo tún un sọ. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń sọ, àfi ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Fọ́tò mi dé láti ọ́fíìsì, wọ́n tẹ orúkọ Ọláníran sí abẹ́ rẹ̀. Mo fi pamọ́ sí abẹ́ Bíbélì mi, níbi tí Leah kì í dé.

Ní oṣù kẹta tí mo padà dé, awakọ̀ kan gbé lẹ́tà kan wá fún Ọláníran. Kò tíì gba lẹ́tà rí láyé rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

“Àjàní, bá mi kà á.”

Mùjíbátù ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Ó ní inú gbogbo ilé dùn, pé òun àti àwọn àgbà yóò wá kí Gbọ́njúbọ́lá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Mo wọ awò ojú. Mo ní, “Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ló ti wá. Wọ́n ní kí o máa yí kòkó rẹ dáadáa.”

“Gbogbo ìwé gígùn yìí?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ọ́.”

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ká lẹ́tà náà, ó sì fi sínú fìlà rẹ̀. Ó ní, “Ó kúkú jẹ́ tèmi.”

Ọjọ́ kejì ni mo fèsì. Kí ni mo lè kọ tí yóò dá ìyá àgbà dúró ní Akínyẹlé? Mo rò ó títí. Mo kọ ọ́ pé: “Ìgbóná ti wọ abà wa. Ó ń pa ènìyàn. Ẹ má ṣe wá rárá. Èmi ni ọmọ yín, Ọláníran.” Mo tilẹ̀ yọ̀ sí ọgbọ́n ara mi. N kò rántí pé kì í ṣe èmi nìkan ló wà láyé tó mọ̀wé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ìjọba kan já sí àárín abà wa. Wolé-wolé mẹ́ta tó wọ aṣọ kakí bọ́ sílẹ̀, tàwọn ti àpótí abẹ́rẹ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ìkòkò nù, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ tanwíjí ni.

Ọ̀gá wọn mú ìwé kan lọ́wọ́. “Ta ló ń jẹ́ Ọláníran Akínwándé?”

Ọláníran jáde pẹ̀lú àdá oko. “Èmi ni, sà.”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé ìgbóná ń pa ènìyàn níbí?”

“Èmi? Kọ̀wé?” Ó wo àwọn ènìyàn kiri, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń di kálámù mú.”

“Ta ló wá mọ̀wé ní abà yìí?”

Àwọn ará abà kò nawọ́. Gbogbo wọn kàn yí ojú, jẹ́jẹ́, títí gbogbo rẹ̀ fi bà lé mi. Mo rò pé àwọn ewúrẹ́ abà pàápàá yí ojú.

Leah ní, “Bàbá Jìmí, ẹ ò wọ awò ojú yín?”

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹnì kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú ọkọ̀ náà. Mùjíbátù ni. Wọ́n ka lẹ́tà fún un, kò sì dúró sílé bí mo ṣe pàṣẹ. Ó gbé e tọ wolé-wolé lọ pé kí wọ́n wá gba ọmọ ẹ̀gbọ́n òun là, ó sì bá wọn wá. Ó sáré kọjá lára Ọláníran, ó gbá mi mú.

“Gbọ́njúbọ́lá! O ò kú! Ọmọ mi ò kú!”

Ọláníran ní, “Ìyá, ta lẹ ń pè bẹ́ẹ̀? Àjàní nìyẹn.”

“Àjàní wo? Ọláníran ni, ọmọ Ọmọ́ṣọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi!”

“Èmi ni Ọláníran,” ni ọ̀rẹ́ mi wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ọmọ́ṣọlá ni ìyá mi.”

Mùjíbátù bojú wẹ̀yìn. Ó wo àbàjà tó wà lójú rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ mi sílẹ̀, ó rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“La ẹnu rẹ.”

Àgbàlagbà ọkùnrin bí Ọláníran la ẹnu bí ọmọ ọwọ́. Èjí wà láàárín eyín rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a kì í sì í ka èjí kún nǹkan. Ìyá náà fi ìka kan èjí yẹn, ó sì fi orí lé e láyà. Ọláníran sì gbá a mú. Mùjíbátù ní, “Eyín Ọmọ́ṣọlá nìyí. Gbọ́njúbọ́lá, eyín ìyá rẹ nìyí.”

A kò gbọ́ nǹkan mìíràn fún ìgbà pípẹ́ ju ẹkún àwọn méjèèjì lọ. Mo fẹ́ yọ́ lọ. Leah dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ó káwọ́ sáyà.

Nígbà tó yá, Ọláníran yọ lẹ́tà kan nínú fìlà rẹ̀. Ó ti ń rún nítorí bó ṣe ń ká a, tó ń tú u.

“Àjàní, lẹ́tà kòkó yìí ńkọ́?”

“Kì í ṣe kòkó.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n sọ ọ́ ńkọ́?”

“Kò sí kòkó nínú rẹ̀ rárá.”

Ó mi orí. Kò bú mi. Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Ọ̀gá wolé-wolé ní àwọn ti wá ná, àwọn kò ní gbé oògùn padà. Wọ́n bupá fún gbogbo wa, tàgbà tèwe. Ọjọ́ mẹ́rin ni apá gbogbo abà fi wú tí wọn kò lè fa dòjé já kòkó, ẹni tó bá sì gbé apá rẹ̀ á pe orúkọ mi. Tèmi ni wọ́n ha jù. Àpá náà wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n sì ní a kò gbọ́dọ̀ ní àpá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àti ti lẹ́tà ẹgbẹ́ àti ti fọ́tò. Àwọn àgbà abà fẹ́ lé mi. Ọláníran ní rárá.

Ó ní, “Kí ló ṣe? Ìwé ẹgbẹ́ sọ pé Ọláníran ló lọ. Fọ́tò sọ pé Ọláníran ló lọ. Èmi ni mo lọ. Ohun tí mo rí lọ́hùn-ún nìkan ni n kò mọ̀, Àjàní yóò sì máa sọ fún mi.”

Ìjìyà mi nìyẹn, ó sì ti di ọdún kẹsàn-án báyìí. Bí àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ bá ti Akínyẹlé wá, á ránṣẹ́ pè mí. Mo gbọ́dọ̀ jókòó, kí n sì sọ ọ́ fún wọn: Ọláníran dé Ifẹ̀, Ọláníran rí òkúta, Ọláníran gun ọkọ̀ ojú omi. Bí mo bá dé ibi tí Ọláníran ti bì, á gbé ọwọ́ sókè.

“N kò bì.”

“O bì,” ni mo máa ń wí, nítorí n kì í jẹ́ kí ìyẹn kọjá.

“Agbádá mi ni wọ́n bì sí. Èmi kò bì.”

Ó ti mọ̀wé báyìí, èmi ni mo kọ́ ọ, ó sì yá jù mí lọ. Òun ló ń ka lẹ́tà abà wa. Òun ló ti ka èyí náà kí n tó fi ránṣẹ́ sí yín, ó yẹ gbogbo ibi tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí wò lẹ́ẹ̀mejì.

Fọ́tò náà, ó gbà á lábẹ́ Bíbélì mi, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé yóò ti rí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ ọmọ rẹ̀ tuntun wá kí i. Ó ka orúkọ abẹ́ rẹ̀, ó wo pélé tó wà nínú fọ́tò, ó wo àbàjà tó wà lójú àna rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí èmi tí mo jókòó ní kọ̀rọ̀.

“Bàbá,” ó bi mí, “ta ni ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yìí?”

Ọláníran ń mu omi, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Mo ní, “Òun ni.”